Iná Abẹ́ Àtẹ̀gùn Màmá Ìsánlú

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Máńṣẹ́sítà kì í ṣe òtútù. Gbogbo èèyàn ló ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò ní Kábà, mo ti múra dè é. Iná ni. Iná mànàmáná. Kì í lọ!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Odindi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo fi jókòó sí pálọ̀ Bùọ̀dá Délé, tí mò ń wo gílóòbù, tí mò ń retí kó ṣẹ́jú. Kò ṣẹ́jú. Fíríìjì ń kùn, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ní tiwa, tí iná bá ti pẹ́ tó báyìí, ohun kan wà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá lọ tó tún padà, á dé bíi màlúù tó já okùn, á jó rédíò, á jó ohunkóhun tó bá bá lójú ọ̀nà. Torí náà tí mo bá fẹ́ jáde, mo máa ń pa gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo pa ti fíríìjì Bùọ̀dá náà. Ẹran inú ẹ̀ yọ́, omi ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ta ló pa fíríìjì?"

"Èmi ni sà. Mò ń lọ ra búrẹ́dì ni."

"O ń lọ ra búrẹ́dì, o wá pa fíríìjì?"

"Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?"

Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Kábà! Kò sẹ́ni tó ń mú iná lọ níbí. Jẹ́ kí ẹran mi dì, jọ̀ọ́."

Ọmọ Ìyàrá ni Bùọ̀dá Délé. Òun ló gbà mí sílé. Ìyá ẹ̀ àti ìyá mi jọ ń hun aṣọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ohun tó so wá pọ̀ ò ju ìyẹn lọ, mo sì mọ̀ pé ìyẹn ò tó nǹkan. Okùn tó fẹ́lẹ́ ni. Ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan ló ní, ó fi ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń fa wáyà kọ̀ǹpútà wọ yàrá àwọn èèyàn. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà méjì nílé ti ń fẹ́ kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀. Bùọ̀dá sanra, kò lè wọ ibi tóóró mọ́. Èmi ọmọbìnrin, mo tín-ín-rín. Bí mo ṣe di oníṣẹ́ nìyẹn.

Kì í ṣe pé mo lọ sílé ìwé kankan fún un o. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Jímọ̀ ni mo ti kọ́ ọ, ọkùnrin tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ́nà ọjà ní Kábà. Wọ́n gbà mí kí n máa bá wọn tẹ lẹ́tà. Ìpínlẹ̀ Kogí ṣì tuntun nígbà yẹn, gbogbo ayé ló ń kọ lẹ́tà sí Lọ́kọ́ja. Tí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, Ọ̀gá Jímọ̀ á ní ká dúró de ẹni tó máa ti Lọ́kọ́ja wá tún un ṣe. Èmi ò lè dúró de ẹnì kankan. Orí mi gbóná. Kí ọkùnrin yẹn tó wọ mọ́tò, mo ti tú u sílẹ̀ yángá-yàngà. Ìgbà mìíràn ó máa ń ṣiṣẹ́ tí mo bá tò ó padà. Ìgbà mìíràn Ọ̀gá Jímọ̀ á fi sálúbàtà lé mi yí ṣọ́ọ̀bù ká.

Ọjọ́ kan òjò ṣú wá láti orí òkè. Ẹ mọ bí òjò Kábà ṣe máa ń ṣe. Á kọ́kọ́ dákẹ́, ewúrẹ́ á sá wọlé, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ á wá gbé eruku. Ọ̀gá Jímọ̀ pariwo, "Òjò ti ṣú o! Ẹ pa á, ẹ pa gbogbo ẹ̀!" Lẹ́tà tí mò ń tẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo ní ẹ jẹ́ n parí ẹ̀ sà. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí ẹ̀ nígbà tí àrá sán. Wáyà tẹlifóònù ló gbà wọlé. Iná búlúù kan fò jáde lára ògiri, kọ̀ǹpútà dún pàù, èmi náà ti wà nílẹ̀. Apá ọ̀tún mi kú, mi ò lè fi jẹun. Ìyá mi ń fi òrí pa á, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ṣépè fún kọ̀ǹpútà.

Láti ọjọ́ yẹn, tí àrá bá fẹ́ sán, apá yìí máa ń gbọ̀n kí etí mi tó gbọ́. Mi ò sọ àsọdùn.

Iṣẹ́ yẹn le. Ilé òyìnbó, abẹ́ pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ṣófo, inú ibẹ̀ la máa ń gba fa wáyà. Màá fi àyà fà bí alángbá, tọ́ọ̀ṣì á wà lẹ́nu mi, aláǹtakùn á máa rìn lọ́rùn mi. Bùọ̀dá á dúró lókè, á máa fẹsẹ̀ kan pákó. "Ṣé o ti dé abẹ́ mi?" Èmi á máa rò ó pé tí nǹkan kan bá wó lù mí níbí, Bùọ̀dá nìkan ló mọ orúkọ mi ní gbogbo ìlú yìí. Ẹni kan péré. Tí òun náà bá bínú sí mi, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí mọ́.

Àmọ́ ọwọ́ mi dáa. Wáyà yẹn, tẹ́ ẹ bá bó o, tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, aláwọ̀ oríṣiríṣi, méjì-méjì lọ́ mọ́ra. Ẹ máa tú wọn, ẹ máa tò wọ́n, ẹ máa fi ẹ̀mú tẹ orí lé e. Tí ọ̀kan bá jókòó síbi tí kì í ṣe tiẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìyá mi ti ń ju òwú tó lọ́ sí mi láti kékeré pé kí n tú u, àwọn ìka mi ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Orí wáyà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀, a fi sínú tẹ́sítà tí wọ́n fi ń dán wáyà wò, ó tan iná láti orí èkíní dé orí ìkẹjọ láìfo ọ̀kan. Bùọ̀dá wò ó, ó wò mí.

"Okun o," ló wí.

Bá a ṣe ń kíra wa nílé nìyẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tó ti oko dé, okun. Ìdí tí wọ́n fi ń pè wá ní ọmọ Okun nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, "háú fà" ló fi ń kí mi. Mo yíjú sí ògiri kó má bàa rí mi.

GSM ò tíì dé Kábà. Tí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá mi, wọ́n á lọ jókòó sọ́dọ̀ Ọ̀gá Jímọ̀ ní Sátidé, èmi á ra káàdì, màá pe ibẹ̀.

"Hẹ́lò? Hẹ́lò? Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá mi."

"Okun o, ọmọ mi. Okun, okun. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun mà. Ìrẹsì ni."

"Irọ́ lò ń pa. Búrẹ́dì lo jẹ. Mo gbọ́ ọ lóhùn ẹ."

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní mọ́ṣáláṣí. Èmi ti gbàdúrà tèmi fún ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn náà ń ṣe tiwọn. Ọlọ́run ò ráyè sinmi lórí ọ̀rọ̀ ẹ. Ṣé Délé ń ṣe ẹ́ dáadáa? Má bínú sí i o. Mo mọ̀ ẹ́. Ẹnu ẹ yẹn..."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Ọ̀gá Jímọ̀ látẹ̀yìn. "Òjò ti ṣú o! Ìyá, ẹ jẹ́ ká pa á!" Kà! Wọ́n ti yọ ọ́. Mo di fóònù mú, ó ń kùn létí mi. Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lu ògiri. Ṣùgbọ́n apá mi ọ̀tún ti ń gbọ̀n, ó sì mọ̀ pé ohun tó tọ́ ni Ọ̀gá Jímọ̀ ṣe.

Nígbà tó yá, dókítà kan tó jẹ́ ọmọ Ìsánlú pe Bùọ̀dá. Dókítà yìí fẹ́ràn ẹ̀rọ. Ó fẹ́ kí a gbé kọ̀ǹpútà ńlá kan, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń gba ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó ní ká fa wáyà láti ibẹ̀ wọ gbogbo yàrá, ká gbé kámẹ́rà sí kọ́rídọ̀ àti kíṣìnì, ká sì so tẹlifóònù kan mọ́ ọn.

Torí ìyá ẹ̀ ló ṣe fẹ́ gbogbo ẹ̀. Ó ti lọ mú wọn wá láti Ìsánlú lẹ́yìn tí bàbá kú. Tí òun bá lọ sí ọsibítù láàárọ̀, àwọn nìkan ló ń kù nílé, wọ́n sì ti ṣubú rí ní kíṣìnì, wọ́n wà nílẹ̀ títí ó fi dé. Ó fi òyìnbó sọ fún Bùọ̀dá níwájú wọn, ó ní, "Tí mo bá ń rí wọn láti ibi iṣẹ́, wọ́n lè máa gbé ọ̀dọ̀ mi. Tí mi ò bá rí wọn, ilé àwọn arúgbó ni mo máa mú wọn lọ. Mi ò ní ọ̀nà mìíràn."

Màmá ń wo ojú fèrèsé bíi pé wọn ò gbọ́. Wọ́n gbọ́ ọ. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ ọmọ náà ní ABC.

Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ yẹn. Bùọ̀dá kàn ń wá wò ó nírọ̀lẹ́ ni. Màmá á gbé àpótí ìjókòó wá sẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á bá mi tan tọ́ọ̀ṣì.

"Kí lò ń wá nínú ihò yẹn bí òkété?"

"Wáyà ni mò ń fà, Màmá."

"Ọmọ ta ni ẹ́ ní Kábà?"

Mo sọ fún wọn.

"Hẹn. Àwọn ará Kábà. Ìgbéraga pọ̀ lọ́wọ́ yín. Iyán ńkọ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n gún."

"Màmá, ẹ má wá bẹ̀rẹ̀ o! Ìsánlú ló ń ra iṣu lọ́wọ́ wa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èké!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tọ́ọ̀ṣì fi ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín báyẹn láti ìgbà tí mo dé ìlú yẹn. Láàárín ẹ̀rín yẹn ni mo sọ ìtàn àrá fún wọn, bó ṣe gba wáyà tẹlifóònù wọlé, bí apá mi ṣe kú. Mo sọ ọ́ dáadáa, mo fi pàù dún sí i. Màmá gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ wáyà.

"Ṣé ó lè gba inú wáyà tìrẹ yìí náà?"

"Wáyà ni wáyà, Màmá." Orí wáyà ni mò ń tẹ̀, mi ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Nígbà tí mo parí ẹ̀, ó wù mí í wò. Mo ti di àwọn wáyà yẹn pọ̀ ní ìdì-ìdì, wọ́n tọ́, wọ́n dán, iná kéékèèké aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú nínú òkùnkùn. Dókítà wò ó láti ibi iṣẹ́, ó pè, ó ní òun ń rí kíṣìnì, òun ń rí kọ́rídọ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn.

Òjò wá rọ̀.

Dókítà pè, ó ní gbogbo ẹ̀ ti dúdú, tẹlifóònù Màmá ò dún. A sáré débẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́! Iná ń ṣẹ́jú, kámẹ́rà ń ríran, kò sí ohun tó ṣe é. A lọ. Òjò tún rọ̀, ó tún pa. A dé, ó ti jí. Ojoojúmọ́ tí ojú ọ̀run bá ti dúdú, ó máa pa. Ẹ sì mọ Máńṣẹ́sítà. Ọjọ́ wo ni ojú ọ̀run ibẹ̀ kì í dúdú?

"Omi ni," Bùọ̀dá wí. "Omi ń wọ wáyà ẹ níbì kan."

Wáyà kan ṣoṣo ló gba ìta, látara òpó wọlé. Mo tú u. Mo pààrọ̀ ẹ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ihò ògiri. Òjò rọ̀, ó tún pa. Mo wọ abẹ́ ilẹ̀, mo fọwọ́ pa wáyà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ẹni ń wá ẹ̀gún lára ọmọ. Gbígbẹ ni. Mo bi Màmá, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ṣé ẹ ò rí ohun tó ń pa á?"

"Èmi? Kí ni mo mọ̀ nínú kọ̀ǹpútà?" Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Bùọ̀dá pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọkọ̀. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. "Dókítà máa sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn ọmọ Okun. Iṣẹ́ mi nìyẹn, orúkọ mi nìyẹn. Tí nǹkan yìí bá tún pa, wá ibi tí wàá máa sùn."

Mo bá a jà. Mo ní wáyà mi ò ní nǹkan kan! Mo ní kí òun fúnra ẹ̀ wọ abẹ́ ilẹ̀ yẹn tí ikùn ẹ̀ bá lè gbà! Ó kàn tan ọkọ̀. Ẹnu mi yẹn. Ìyá mi ti sọ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù òjò. Kì í ṣe àrá nìkan, òjò gan-an. Ẹ wò ó, ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Nílé, tí òjò bá pẹ́, mọ́ṣáláṣí á gbàdúrà, ṣọ́ọ̀ṣì á gbàdúrà, tó bá rọ̀, gbogbo wa á bọ́ síta, a ó la ẹnu. Níbí, mo máa ń jí, màá ká kọ́tìnì díẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá, màá wo òkè. Tí ìkùukùu bá wà, màá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kó má rọ̀. Mo rò ó títí. Ẹni tó bá ti ń gbàdúrà kí òjò má rọ̀, ará ibo ni? Àwọn òyìnbó ń rìn nínú òjò yẹn láìgbé orí sókè. Tiwọn ni. Tèmi wà ní Kábà, ó sì máa ń já fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Kò sí òjò kankan tó jẹ́ tèmi mọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, Bùọ̀dá ti gbé ọkọ̀ lọ sí iṣẹ́ kan níta ìlú. Ọ̀sán ni. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Dókítà pè láti ọsibítù.

"Ó ti pa. Mò ń pe Màmá, kò dún. Mi ò lè kúrò níbí, wọ́n ń múra aláìsàn kan sílẹ̀, a fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Jọ̀ọ́, lọ wò wọ́n. Ṣé o gbọ́? Tí wọ́n bá tún wà nílẹ̀..." Kò parí ẹ̀. Ó wá ní, "Lẹ́yìn èyí mi ò lè ṣe é mọ́. Mo máa pe ilé àwọn arúgbó yẹn."

Mo wọ bọ́ọ̀sì. Mo bọ́ọ́lẹ̀, mo ń sáré. Òjò ń nà mí lójú. Màmá ti wà nílẹ̀ kíṣìnì, ohun tí mò ń rí nìyẹn. Tàbí kọ́bọ́ọ̀dù mi ti gbiná, èéfín ti kún àtẹ̀gùn. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Wáyà tí mo fà ló pa Màmá. Lọ́nà jíjìn, àrá kùn, apá ọ̀tún mi gbọ̀n, mo fi apá òsì dì í mú, mò ń sáré lọ.

Mo kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo kúnlẹ̀, mo ṣí ihò tí wọ́n ń gbà ju lẹ́tà wọlé, mo yọjú. Òkùnkùn. Kò sí èéfín. Ojú mi wá mọ́ òkùnkùn yẹn lára, mo rí dígí ńlá tó wà ní kọ́rídọ̀.

Ẹnì kan ti fi ìró bò ó.

Ẹnì kankan ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ ilé wa. Tí àrá bá ń bọ̀, a máa ń bo dígí, a máa ń pa rédíò, a máa ń yọ gbogbo nǹkan lára iná, a ó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn mi yí padà di iná. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn.

"Màmá! Ẹ ṣílẹ̀kùn! Mo ti mọ ẹni tó ń pa á!"

Wọ́n ṣí i díẹ̀. Gèlè wà lórí wọn, wọn ò wọ yẹtí. Wọ́n ní, "Wọlé kíá, má dúró síta, àrá ń bọ̀," wọ́n sì padà lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Mo pariwo mọ́ wọn. Mo pariwo mọ́ àgbàlagbà, omi ń ṣàn lára mi sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ̀yin ni! Ẹ jẹ́ kí n máa rá pálá lábẹ́ ilẹ̀! Wọ́n fẹ́ lé mi jáde nítorí yín! Kí ni mo ṣe yín?"

Wọ́n jẹ́ kí n parí. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ọmọ pariwo tán.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún mi?"

"Kí ni mo sọ?"

"Pé wáyà ni wáyà. Pé ó gba inú ẹ̀ wọlé, ó pa apá ẹ. Mo wá ń wo ohun tí o fi ọwọ́ ẹ ṣe yìí, ó dára púpọ̀. Mo ní mi ò ní jẹ́ kí àrá jó o. Tó bá jó, wọ́n á lé ọ, wọ́n á sì mú èmi lọ sílé yẹn. Tí ojú ọ̀run bá ti ń dúdú, màá pa á. Tó bá mọ́, màá tan án kí ẹ tó dé. Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Mò ń ṣọ́ iṣẹ́ ẹ fún ẹ."

Mo fi ọwọ́ nu omi òjò lójú mi.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún Dókítà?"

"Kó lè ní mo ti ń ṣarán?"

Mo jókòó tì wọ́n. Àrá tún kùn, ó ti súnmọ́. Àwa méjèèjì fò lẹ́ẹ̀kan náà, a wo ara wa.

"Màmá, mo máa tan án."

"Ọmọ yìí, àrá ń bọ̀."

"Mo gbọ́ ọ mà. Tí mi ò bá tan án nísinsìnyí, Dókítà máa pe ilé yẹn."

Bùọ̀dá ti sọ fún mi pé irin kan wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nílé kọ̀ọ̀kan, pé òun ló ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀, kì í jẹ́ kó wọ yàrá. Mo gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Oòrùn ń ràn lọ́jọ́ yẹn. Báyìí, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ju òkùnkùn àti wáyà lọ. Wáyà ni wáyà. Èmi náà ni mo sọ ọ́.

Mo tẹ̀ ẹ́. Sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kì í tètè jí, ẹ máa dúró dè é. Mo rí i tí ọwọ́ Màmá ń bọ̀ láti pa á, mo yára gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi lé orí irin ẹ̀.

"Ẹ wò ó, Màmá. Tí ó bá máa mú ẹnì kan, èmi ni."

"Yọ ọwọ́ ẹ!"

"Mi ò yọ ọ́."

Màmá dìde. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sá lọ. Kíṣìnì ni wọ́n lọ, wọ́n gbé ọmọ orógùn ńlá wá, èyí tí wọ́n gbé ti Ìsánlú wá. Wọ́n dúró lé mi lórí, wọ́n gbé e sókè. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Tí iná bá mú èèyàn, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án, igi gbígbẹ lẹ máa fi lù ú kúrò lára ẹ̀. Màmá Ìsánlú fẹ́ fi ọmọ orógùn gbà mí là.

Àrá sán. Gbogbo ilé mì. Ojú mi ti dì, apá mi ń gbọ̀n débi pé irin yẹn ń dún lábẹ́ ọwọ́ mi, mo sì ń pe Jésù, mo ń pe Ọlọ́run bàbá mi ní Lárúbáwá pọ̀ mọ́ ọn. Mi ò yọ ọ́. Mo ń retí pàù yẹn.

Kò wá. Nígbà tí mo lajú, iná kéékèèké ti tàn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tẹlifóònù dún, àwa méjèèjì kígbe. Màmá gbé e pẹ̀lú ọwọ́ kan, ọmọ orógùn ṣì wà lókè ní ọwọ́ kejì.

Ohùn Dókítà jáde ketekete. "Màmá! Mò ń rí yín nínú kámẹ́rà! Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọmọ orógùn lu ọmọ ọlọ́mọ?"

Màmá wo kámẹ́rà. Wọ́n rọra sọ ọmọ orógùn kalẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Kò kàn ọ́. Ó ti tún un ṣe, kò ní pa mọ́. Ṣé o ti jẹun?"

Bùọ̀dá bi mí nírọ̀lẹ́, "Kí ló wá ń ṣe é gan-an?" Mo ní mo ti rí ibi tó ti ń pa. Ó wò mí, ó ní, "Okun o." Kò sọ ọ̀rọ̀ ibi tí màá máa sùn mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, tí ojú ọ̀run bá ti fẹ́ dúdú, màá pe Màmá. Wọ́n á ní, "Mi ò pa á o. Mo jókòó tì í." Èmi náà á jókòó ti fóònù tèmi títí òjò á fi dá. Ẹ̀rù ṣì ń bà wá. Ó kàn jẹ́ pé a jọ ń bẹ̀rù ẹ̀ ni.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo pe ilé. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ìyá mi, mo fi ohùn àrá sí i, mo fi ti ọmọ orógùn sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

"Apá ẹ ńkọ́?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Ìyá mi. Mo gbé e lé e, àrá sán, kò ṣe nǹkan kan."

"Ọlọ́run ṣeun."

Mo wá gbọ́ ọ lẹ́yìn wọn. Òrùlé páànù Ọ̀gá Jímọ̀. Ọ̀kan, ọ̀kan, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá Jímọ̀ pariwo, "Ìyá, ẹ pa á! Òjò ti dé!"

"Jímọ̀, fi í sílẹ̀ jàre," ìyá mi wí. "Ọmọ mi ti sọ pé kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ lé e. Jẹ́ kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ tán rí."

Mo dìde dúró.

"Ìyá mi, ẹ gbé e sílẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́?"

"Ibí ni mo sọ! Kì í ṣe ibẹ̀! Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

"O ti ń pariwo mọ́ mi. Mo ní kí n gbọ́ ohùn ẹ pẹ́..."

Apá ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Níbí, ní Máńṣẹ́sítà, apá mi gbọ̀n fún àrá Kábà. Ìyá mi ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo pa á mọ́ wọn lẹ́nu. Èmi fúnra mi. Kà.

Mo wo ìta. Oòrùn wà lójú fèrèsé, ojú ọ̀run mọ́ lọ títí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa mọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ pè wọ́n padà, ṣùgbọ́n mo ní láti jẹ́ kí òjò ibẹ̀ dá ná. Mo gbìyànjú láti rántí bí òjò wa ṣe máa ń pẹ́ tó, tó bá ti orí òkè wá lákòókò báyìí nínú ọdún. Mi ò rántí mọ́. Mo jókòó ti fóònù nínú oòrùn, mò ń retí kí òjò tí mi ò rí dá.